Kàlẹ́ńdà Ọlọ́ṣẹ Ìjọ̀mú

Kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá ni mo dojú rẹ̀ délẹ̀
lórí tábìlì ìyá mi ní Ìjọ̀mú, l'Ákúrẹ́.
Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú.
Mo ní, "Màámi, ibí la ó ti to ọ̀rọ̀ ọjà wa."
Ó wò mí, ó wo bírò ọwọ́ mi,
ó ní, "Ṣé bírò máa ń hó bí ọṣẹ ni?"

Lọ́dún èṣí, Akíngbadé ẹ̀gbọ́n mi ló gba iṣẹ́ ìpolówó ṣe.
Ogójì ẹgbẹ̀rún náírà wọlé sórí pátákó pupa kan:
Ẹ RA ỌṢẸ WA! Ẹ RA ỌṢẸ WA!
Ó gbé e kọ́ sí oríta Òkè-Àró.
Oòrùn nìkan ló kà á.
Àwọn ewúrẹ́ fi òpó rẹ̀ họra títí ó fi wọ́.
Ta ni yóò yà sọ́dọ̀ ẹni tí kò kí i
kó tó na ọwọ́ sí àpò rẹ̀?

Mo bi Màámi pé, "Àwọn wo ló ń ra ọṣẹ yìí?"
"Gbogbo ẹni tó bá ní awọ lára."
Rárá, mo ní, ẹ dárúkọ wọn fún mi.
Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ń fi èékánná ha eérú kúrò lára tábìlì.
Ìgbà tó yá, wọ́n ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan:
Olúwatúyì onígbàjámọ̀, tí àgbọ̀n àwọn oníbàárà rẹ̀
máa ń sú lẹ́yìn abẹ;
Bọ́sẹ̀dé, abiyamọ Ìsọ̀lọ̀,
tó ń bẹ̀rù kí eérú má ta ọmọ òun lára;
tíṣà àgbà kan tí kì í fi í wẹ̀ rárá,
tó kàn ń gbóòórùn rẹ̀,
nítorí ẹ̀yìnkùlé ìyá rẹ̀ ní Ìdànrè.
Mo kọ orúkọ wọn wẹ́wẹ́,
mo kọ ìbéèrè wọn gàdàgbà.

Ọjọ́ Ajé, fọ́tò èèpo kòkó tí a sá sórí páànù,
èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń dà sígbó tẹ́lẹ̀
kí Màámi tó bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó rẹ̀.
Ọjọ́rú, ìdáhùn fún Bọ́sẹ̀dé,
kí àwọn abiyamọ tí ojú ń tì gbọ́ ọ níbẹ̀.
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí Olúwatúyì fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́;
mi ò ní kọ ọ́ fún un,
kó fi ohùn Àkúrẹ́ rẹ̀ sọ ọ́, kó kọsẹ̀ níbi tó bá ti kọsẹ̀.
Ọjọ́ Ìsinmi, òfìfo.
Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, rédíò ni wọ́n ń pè é,
wọn a sì yí i sílẹ̀.

"Nígbà wo la wá máa ní kí wọ́n rà á?"
"Bí ẹ ṣe ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀, Màámi."
Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi máa ń bu iyọ̀ gan-an o."

Ọ̀sẹ̀ kẹta, òjò òru kan dé láìkíni.
Ó gba abẹ́ páànù wọlé,
ó sọ àpò eérú mẹ́fà di ẹrẹ̀.
Akíngbadé ní ká fi fọ́tò àtijọ́ dí ojú ibẹ̀,
ta ló máa mọ̀?
Màámi ló gba fóònù lọ́wọ́ mi.
Ó na apá rẹ̀ síwájú, ó dúdú dé ìgunpá:
"Ẹ wò ó, eérú wa rẹ.
Kò sí ọṣẹ títí oòrùn yóò fi ràn.
Ẹ má bínú."
Mo wá ojú ibi tí màá kọ ọ́ sí lórí kàlẹ́ńdà,
mi ò rí i.

Mi ò ní purọ́ pé ọjà wá ń tà wàràwàrà.
Ọṣẹ mẹ́tàlélógún la tà lóṣù náà, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.
Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, fóònù dún láti Ọ̀wọ̀,
obìnrin tí a kò mọ̀ rí.
Kò bèèrè èló ni.
Ó ní, "Màámi, ẹ kú ọ̀rọ̀ òjò.
Eérú yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti gbẹ?"